Bẹ́ẹ ṣe lè fi ìtàn kékeré tàbí àròkọ yín ránṣẹ́ sí magasíìnì láìmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀

Àwọn tó ń kọ ìtàn lórí Facebook àti WhatsApp láàárín wa pọ̀ gan-an, ìtàn tó dùn, àwọn èèyàn á láìkì ẹ̀, wọ́n á máa béèrè apá kejì, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì ó ti rì sísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa rí i mọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi ránṣẹ́ sí magasíìnì tó ń gbé ìtàn jáde, wọ́n á ní "mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀", pé ẹni tó bá ní èèyàn ni wọ́n ń gbà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Mo ti bá magasíìnì kan ka iṣẹ́ táwọn èèyàn fi ránṣẹ́ rí, kíkà àkọ́kọ́ ni tèmi, olóòtú ló ń pinnu, púpọ̀ nínú ohun tá a dá padà kì í ṣe pé òǹkọ̀wé ò mọ̀ ọ́n kọ, ìlànà tí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀ ni kò kà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ 3,000, ó fi 7,500 ránṣẹ́. Wọ́n ní kó má sí orúkọ nínú fáìlì, ó fi orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀ síwájú ìwé. Orúkọ fáìlì ọ̀hún gan-an, "story final final 2". Ẹni tó ní òkìtì ìtàn láti kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò ní bẹ̀ ẹ́ pé kó wá tún un ṣe, èyí tó kàn ló máa ṣí.

Torí náà ẹ jẹ́ ká mú un ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tẹ́ẹ ń fi í ránṣẹ́ sí

Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, Àtẹ́lẹwọ́ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Ọdún 2017 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, iṣẹ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ni wọ́n ń gbé jáde. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kọ ọ́, ilé pọ̀ díẹ̀: Brittle Paper ti wà láti 2010, Isele àti Lolwe bẹ̀rẹ̀ ní 2020, Omenana bẹ̀rẹ̀ ní 2014 ṣùgbọ́n ìtàn tó ní iwin, àǹjọ̀nú, ẹ̀rọ tàbí ayé ọjọ́ iwájú nínú ni tiwọn. Ìtàn ọkọ àti ìyàwó tó ń jà nítorí owó oúnjẹ, bó ti wù kó dùn tó, Omenana ò ní gbà á àfi tí ìkòkò ọbẹ̀ bá dìde tó bá wọn dá sí i.

Ẹ má ka orúkọ magasíìnì nìkan, ẹ ka ohun tí wọ́n ti gbé jáde. Ó kéré tán ìtàn mẹ́ta, kó jẹ́ èyí tó jáde láìpẹ́, torí olóòtú máa ń yí padà, ohun tí olóòtú àná fẹ́ràn lè má wu ti òní. Bẹ́ẹ ṣe ń kà á ẹ máa wò ó: ṣé wọ́n fẹ́ràn ìtàn gígùn ni àbí èyí tí ò ju ojú ìwé mẹ́ta lọ, ṣé wọ́n máa ń gba ìtàn tó parí láìyanjú ọ̀rọ̀, ṣé wọ́n ń fi Yorùbá sílẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì láìṣàlàyé ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì fún wa. Magasíìnì tó bá ń ní kí òǹkọ̀wé máa túmọ̀ "ẹ̀kọ" àti "ìró" sí etí ìwé, ẹ máa mọ̀ kẹ́ẹ tó débẹ̀, kó má bàa di ìjà lẹ́yìn.

Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fojú kéré magasíìnì kékeré sha. Binyavanga Wainaina, òǹkọ̀wé ará Kenya, gba ẹ̀bùn Caine, ìyẹn ẹ̀bùn ìtàn kékeré fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, ní 2002 pẹ̀lú iṣẹ́ tó jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sọ pé ohun tí ò sí lórí bébà kì í ṣe ìwé. Nígbà tó yá òun náà wà lára àwọn tó dá magasíìnì Kwani? sílẹ̀ ní Nairobi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìlànà wọn, ẹ kà á, kẹ́ẹ sì kọ ọ́ sórí bébà

Ojú ewé kan máa ń wà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn tí wọ́n pè ní "Submissions" tàbí "Guidelines". Mo ní kẹ́ẹ kọ ọ́ sórí bébà torí ojú máa ń fò ó tó bá jẹ́ orí fóònù. Ohun tẹ́ẹ ń wá níbẹ̀ ni iye ọ̀rọ̀, ìgbà tí ilẹ̀kùn wọn ṣí àtìgbà tó máa tì (àwọn míì ò ṣí ju oṣù kan lọ lọ́dún), irú fáìlì tí wọ́n fẹ́, bóyá orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ tàbí kò gbọ́dọ̀ sí, bóyá wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ yín, bóyá wọ́n ń san owó fún yín.

Ohun méjì wà tó máa ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ìkíní, wọ́n á ní iṣẹ́ náà ò gbọ́dọ̀ tíì jáde rí. Ẹ̀yin lè máa rò pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Rárá. Lójú ọ̀pọ̀ olóòtú, tẹ́ẹ bá ti gbé e sórí Facebook tí gbogbo ayé rí i, ó ti jáde nìyẹn. Nítorí náà ìtàn tẹ́ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ má gbé e síta, kódà ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tó bá ń yún yín lọ́wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ méjì kí wọ́n kà á.

Ìkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní simultaneous submission, ìyẹn kẹ́ẹ fi ìtàn kan náà ránṣẹ́ sí ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan gbà á, àwọn kan kórìíra ẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á, ẹ ṣe é, torí ẹni tó bá dúró de magasíìnì kan fún oṣù mẹ́jọ kó tó lọ sí òmíì, ó máa darúgbó sídìí ìtàn kan ni. Àdéhùn tó wà níbẹ̀ ni pé tí ibì kan bá ti gbà á, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa kọ̀wé sí àwọn tó kù pé ẹ ti mú un kúrò. Ẹni tó bá jẹ́ kí magasíìnì méjì gba ìtàn kan, orúkọ ẹ̀ ti bàjẹ́ níbi méjèèjì, àwọn olóòtú sì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n sọ nípa AI náà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Clarkesworld, magasíìnì ìtàn sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ní láti ti ilẹ̀kùn fúngbà díẹ̀ torí ìtàn tí ẹ̀rọ kọ ti kún àpótí wọn. Àtìgbà yẹn ọ̀pọ̀ magasíìnì ló ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé àwọn ò fẹ́, ẹlòmíì á ní kẹ́ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún un ṣe, pàápàá ojú ìwé àkọ́kọ́

Ẹ fi ìtàn náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kẹ́ẹ wá kà á sókè, kẹ́tí gbọ́. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ẹ sàmì síbẹ̀.

Ohun tí mo rí jù nínú iṣẹ́ tó ń wọlé ni ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jíjí lójú oorun. Irú eléyìí:

"Oòrùn ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹyẹ ń ké lórí igi. Bísí jí, ó na ara, ó fọ ẹnu, ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ronú nípa bí ayé òun ṣe rí."

Kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìtàn níbẹ̀ náà. Tí mo bá wá kà á dé ojú ìwé kẹta, mo máa ń bá ìtàn gan-an tó fara pamọ́ síbẹ̀:

"Wọn ò tíì sin ọkọ Bísí tí lándílọ́ọ̀dù fi wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù."

Ibẹ̀ ni kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀! Olùkàwé ti fẹ́ mọ irú lándílọ́ọ̀dù wo nìyí, ó ti ń bínú nítorí Bísí. Oòrùn àti ẹyẹ yẹn, tó bá pọn dandan kí wọ́n wà, ẹ lè wá àyè fún wọn níwájú. Ẹ bo ojú ìwé àkọ́kọ́ yín mọ́lẹ̀ kẹ́ẹ ka ìkejì bí ẹni pé òun ni ìbẹ̀rẹ̀, tí nǹkan kan ò bá sọnù, ẹ gé e dànù, kó má dùn yín.

Àròkọ ní tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ girama o, "nínú àròkọ yìí, èmi yóò sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní ọmọ obìnrin". Magasíìnì ò fẹ́ ìyẹn. Wọ́n fẹ́ ohun tẹ́ẹ fojú yín rí, tẹ́ẹ mọ̀ dénú, tó wá já sí ọ̀rọ̀ tó ju ẹ̀yin nìkan lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibi nǹkan pàtó: ìgbà tí wọ́n wó ọjà àdúgbò yín, bí ìyá àgbà yín ṣe ń rẹ aró. Ọdún àti orúkọ tẹ́ẹ bá dá nínú ẹ̀, ẹ rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀, torí olóòtú tó mọṣẹ́ máa bi yín pé ibo lẹ ti rí i. Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹbí yín tó ṣì wà láyé, ẹ sọ fún un kó tó jáde, kò yẹ kó jẹ́ ará ìta ló máa sọ fún àǹtí yín pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má sì pe ìtàn àròsọ ní àròkọ. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn kan jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó bíi lẹ́tà tí obìnrin kan tó ń ṣàìsàn ń kọ sí olóòtú, àwọn tó ń kà á sì gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́. Ó dùn nígbà yẹn, èmi gan-an fẹ́ràn ọgbọ́n ẹ̀. Lónìí tẹ́ẹ bá fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ lábẹ́ àròkọ tí àṣírí wá tú, magasíìnì á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á sì kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fáìlì

Tí wọn ò bá sọ nǹkan míì, Times New Roman 12, ẹ fi àyè sáàárín ìlà, èyí tí Word ń pè ní double, ẹ fi nọ́ńbà sójú ìwé, ẹ tọ́jú ẹ̀ ní .docx. Orúkọ fáìlì kó jẹ́ àkọlé ìtàn náà, ẹ fi orúkọ yín kún un tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí òdòdó, kò sí lẹ́tà aláwọ̀ pupa, kò sí fọ́tò.

Ẹni tó ń kọ Yorùbá ní wàhálà kan tí ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ò mọ̀, ìyẹn ni àmì. Lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀ tẹ́ẹ rí yìí, lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ wà lọ́tọ̀, àmì orí wá jókòó lé e lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tó bá dáa á tò wọ́n pọ̀ dáadáa, èyí tí ò bá dáa á ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí kékeré òfìfo rọ́pò ẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ dáadáa nílé yín kó dé ọ̀dọ̀ olóòtú kó ti di jágbajàgba. Nítorí náà, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá gidi ni kẹ́ẹ lò, Gboard lórí Android ní ti Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà náà ní tiẹ̀. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan tẹ́nì kan máa dà sínú kọ̀ǹpútà fún yín láti orí fláàṣì, ẹ sá fún un, orí kọ̀ǹpútà tó bá ní fọ́ǹtì yẹn nìkan ló ti máa hàn dáadáa.

Tẹ́ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, ẹ ṣí i lórí fóònù, ẹ tún ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Tí àmì bá dúró síbi tó yẹ níbi méjèèjì, ó ti dáa. Tí ìlànà wọn bá gbà yín láyè, ẹ so PDF mọ́ ọn kí olóòtú lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ má fi àmì sí ojú ìwé méjì kí ó wá rẹ̀ yín kẹ́ẹ fi ìyókù sílẹ̀ gbọnrangandan, ìyẹn burú ju kó má sí rárá lọ.

Iye ọ̀rọ̀ náà, ẹ ṣọ́ ọ. Àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ni Word ń kà, "mo ti ń lọ" jẹ́ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kéékèèké pọ̀ lédè wa, ìtàn tẹ́ẹ rò pé ó kúrú lè ti kọjá ààlà kẹ́ẹ tó dé àárín. Ẹ máa wo nọ́ńbà yẹn bẹ́ẹ ṣe ń kọ ọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lẹ́tà kúkúrú tó máa ṣáájú

Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìkíni, kò burú, ṣùgbọ́n níbi yìí "ẹ kú iṣẹ́" ti tó. Ẹ má ṣàlàyé ìtàn náà, ẹ má sọ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ má bẹ̀bẹ̀ pé Ọlọ́run á ṣe é fún wọn. Bó ṣe lè rí nìyí:

"Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn kékeré mi rèé, àkọlé ẹ̀ ni Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́ ọ̀rọ̀ 2,800. Kò tíì jáde níbikíbi rí. Mo ti fi ránṣẹ́ síbòmíì náà, màá jẹ́ kẹ́ẹ gbọ́ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbà á. Ẹ ṣeun tẹ́ẹ wáyè kà á."

Ẹ wá fi orúkọ yín sí i, ó parí. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ́ẹ ò sì mọ orúkọ olóòtú, "Dear Editors" ló dáa, ẹ fi "Dear Sir" sílẹ̀, obìnrin pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí.

Wọ́n á tún béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa yín. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ ọ́: "Ọ̀ṣogbo ni ó ń gbé, bàọ́lọ́jì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ó ń kọ ìtàn ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì." Tí nǹkan yín kan ò bá tíì jáde rí, ẹ má tọrọ àforíjì, àwọn míì kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ẹni tuntun gan-an làwọn ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Àwọn kan ímeèlì ni wọ́n ń lò, wọ́n á sọ ohun tí ẹ máa kọ síbi àkọlé ímeèlì, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kẹ́ẹ kọ ọ́, torí ẹ̀rọ ló ń ṣà á sọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ti òkè òkun ń lo Submittable, wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ wọlé, ẹ máa ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́ síbẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ á ti máa rí i bóyá wọ́n ti gbà á tàbí wọ́n dá a padà.

Ọ̀pọ̀ magasíìnì Amẹ́ríkà máa ń gba nǹkan bíi dọ́là 3 kí wọ́n tó ka iṣẹ́. Èmi ò ní sọ pé olè ni wọ́n, ṣùgbọ́n dọ́là 3 níbi mẹ́wàá ti di owó, àwọn tí kì í gba kọ́bọ̀ sì pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn míì sì máa ń yọ̀ǹda fún ará Áfíríkà tó bá kọ̀wé béèrè. Èyí tó jẹ́ gbájúẹ̀ gidi ni àwọn tó ní àwọn ti gba ìtàn yín sínú ìwé, àmọ́ kẹ́ẹ kọ́kọ́ ra ẹ̀dà ogún. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ẹ ní ìwé kan tàbí spreadsheet tẹ́ẹ ń kọ ọ́ sí: àkọlé, ibi tẹ́ẹ fi ránṣẹ́, ọjọ́, ìgbà tí wọ́n ní àwọn máa fèsì, èsì. Láìsí ìyẹn ẹ máa fi ìtàn kan ránṣẹ́ síbì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdúró

Ó máa pẹ́. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ìgbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka iṣẹ́ yìí ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá ti kọjá, ẹ lè kọ ìlà méjì láti béèrè, kó tó ìgbà yẹn ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn míì.

Wọ́n á dá púpọ̀ padà. Èsì méjì ló wà, ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn. Èyí tó kan ní "ẹ ṣeun, kò bá wa mu" jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, ẹ má wá ìtumọ̀ kankan nínú ẹ̀. Èyí tó bá dárúkọ nǹkan kan nínú ìtàn yín, tó ní "Bísí wú wa lórí, ẹ fi òmíì ránṣẹ́ sí wa", òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọn kì í fi ìyẹn ṣe ìkíni, ẹ fi òmíì ránṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn wọn bá tún ṣí. Ẹ má fèsì láti bá wọn jiyàn o. Mo ti rí ẹni tó kọ ojú ìwé méjì èébú ránṣẹ́ padà, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ, orúkọ ẹ̀ ni gbogbo wa rántí, a ò rántí ìtàn ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: wọ́n gbà á

Ẹ kọ́kọ́ mú un kúrò níbòmíì. Lẹ́yìn náà àdéhùn á dé, ẹ kà á kẹ́ẹ tó fọwọ́ sí i. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ẹ̀tọ́ láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé e jáde, bóyá kẹ́ẹ má tún un gbé síbòmíì fún oṣù díẹ̀, kí ẹ̀tọ́ wá padà sọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ fún àwọn ní gbogbo ẹ̀tọ́ títí ayé, ẹ bi wọ́n léèrè, tí wọn ò bá yí i padà ẹ mú ìtàn yín lọ. Òfin kópíráìtì Nàìjíríà ti 2022 ní bẹ́ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, tiyín ni, kò di dandan kẹ́ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kan, á sì jẹ́ tiyín títí dé 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín, àwọn ọmọ yín ṣì lè jẹ nínú ẹ̀.

Olóòtú á fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ẹ gba èyí tó mú ìtàn dáa sí i, èyí tẹ́ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ ìdí ẹ̀ ní ìlà kan pẹ̀lú sùúrù. Ní ti owó, ẹ tètè béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san án, torí PayPal, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti fojú ọmọ Nàìjíríà rí màbo láti ọjọ́ pípẹ́ tó bá di ká gba owó wọlé, ọ̀pọ̀ magasíìnì sì gbà láti san án sí Payoneer, tóun náà jẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tàbí àkáǹtì dọ́là ní báǹkì téèyàn bá ti sọ ṣáájú.

Tó bá ti jáde, ẹ fi ojú ewé náà pamọ́ bíi PDF lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí magasíìnì orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kú, ẹni tó ń san owó wẹ́ẹ̀bùsáìtì á ṣíwọ́, gbogbo ìtàn á bá a lọ. Kẹ́ẹ sì rántí àwọn ìdíje. Ìdíje ìtàn kékeré ti Commonwealth, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ 2,000 sí 5,000, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ránṣẹ́, ìtàn náà ò sì gbọ́dọ̀ tíì jáde, torí náà èyí tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde yìí ò lè lọ síbẹ̀. Caine ni kẹ́ẹ wò fún un, ìtàn tó ti jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fẹ́, láti ọ̀rọ̀ 3,000 sí 10,000, olùtẹ̀jáde ló sì ń fi í ránṣẹ́, kì í ṣe òǹkọ̀wé. Tí tiyín bá wọ inú ìyẹn, ẹ kọ ìlà kan sí olóòtú yín kí àkókò tó tì, ẹ bi í bóyá ó máa bá yín fi í ránṣẹ́.